Ráàmátù, Ìwé Ẹ Wà Nínú Àmù Mi

Ráàmátù ọmọ mi, Àṣàkẹ́,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó bá ẹ ní Málété tóo wà. Mi ò ní bèèrè bóo ṣe jí, torí mo mọ̀ pé ọkàn ẹ ò balẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù, kóo tó ju lẹ́tà yìí sílẹ̀: bàbá ẹ ò mú ìwé ẹ. Èmi ni mo mú un.

Bíntù, àbúrò bàbá ẹ, ló ń bá mi kọ ọ́. Ọwọ́ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró báyìí. Ó gbé báìrò sílẹ̀, ó ń wò mí. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá a wá a dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì?" Mo ní èmi náà ni. Mo ní kó gbé báìrò ẹ̀, kó kọ ọ́ bó ṣe ń ti ẹnu mi jáde, kó má bá mi fi ṣúgà sí i. Mo fẹ́ sọ ọ́ tán kí wọ́n tó pe ìrun alásárì, torí tí mo bá dìde níhìn-ín, ẹ̀rù lè má jẹ́ kí n padà jókòó.

Òní Àlàrùbá ni. O ní Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ gba ìwé tóo fi fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ núkílíà náà, pé tó bá ti kọjá Jímọ̀, ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n máa fi dí àyè ẹ. Ọ̀gá yín tó bu ọwọ́ lù ú, tó lu òǹtẹ̀ sí i, ti rin ìrìn-àjò, kò sì sẹ́ni tó lè ṣe òmíì fún ẹ. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ nígbà tí mo mú un. Mi ò lè sọ pé ọjọ́ orí ló ṣe mí. Ojú mi ṣì ń rí abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

Inú àmù mi tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá ló wà, èyí tí a ò bu omi sí mọ́. Mo fi ọ̀rá wé e, mo sì dé ọmọrí lé e. Ní ọjọ́ Àlàádì tóo da gbogbo ẹrù ẹ sílẹ̀, àmù yẹn lo fara tì nígbà tó rẹ̀ ẹ́. Mo jókòó sórí àpótí mi, mo ń wò ẹ́.

Bàbá ẹ ti mọ́sálásí dé. O ò kí i. O ní, "Bàbá, ẹ ti fa ìwé mi ya."

Ó ní, "Ìwé wo?"

O ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ọmọ yín ò ní ṣe iṣẹ́ iná tó pa ìyá ẹ̀. Ta ló tún máa mú un nílé yìí?"

Kò pariwo. O mọ̀ ọ́n, tí inú bá bí i, ohùn ẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ ni. Ó lọ ṣe àlùwàlá, ó gbé ọwọ́ lé Kùránì, ó búra pé òun ò fi ọwọ́ kan ìwé kankan. Ìwọ wá wò ó látòkè délẹ̀, o ní, "Àwọn tó ń búra irọ́ pọ̀ ní Ìlọrin yìí." Háà, Ráàmátù! Fún álífáà tí wọ́n ń kó ọmọ wá bá kó kọ́ wọn ní kéwú! Níwájú àwọn ọmọ kéwú ẹ̀, tí wàláà wà lọ́wọ́ wọn!

Ó ní, "Máa lọ. Ọjọ́ tóo bá mọ ẹni tí mo jẹ́, kóo padà wá." Ìwọ náà gbé báàgì ẹ, o lọ wọ mọ́tò Málété. Láti ọjọ́ náà, bàbá ẹ tí mo bí ò jẹun dáadáa. Tó bá ń kọ́ àwọn ọmọ náà, ó máa ń gbàgbé ibi tó bá wọn dé. Òótọ́ ló búra. Èmi ni mo sọ ọ́ di onírọ́ lójú ọmọ ẹ̀.

Mo mọ ohun tóo fẹ́ bi mí. O fẹ́ ní, "Ìyá Àgbà, ṣebí ẹ̀yin lẹ tẹ̀lé mi lọ sí ìpàdé tí wọ́n pè wá sí ní ilé ìwé wa?" Òótọ́ ni. Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú òbí kan wá, kí àwọn wá ṣàlàyé iṣẹ́ núkílíà yìí fún wọn. Bàbá ẹ ní òun ò lọ, èmi wá wé gèlè mi, mo bá ẹ lọ.

Yàrá ńlá yẹn gba èèyàn rẹpẹtẹ, àmọ́ gbogbo wa tó wà níbẹ̀ ò kún ìlà ìjókòó mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ ẹ tó jókòó sẹ́yìn wa, elétè pupa yẹn, ó tẹ̀ síwájú, ó ní, "Ìyá Àgbà, ẹ bá wa kìlọ̀ fún Ráàmátù o. Bọ́ǹbù ló fẹ́ lọ máa ṣe."

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́, kí lo wá ṣe?"

Ó ní, "Èmi? Ráìsì ni mo wá jẹ, Màmá. Tí mo bá jẹ ẹ́ tán, ilé ìfowópamọ́ ni mo máa ṣiṣẹ́." Ẹ̀rín pa mí. Ó kéré tán, ọmọ yẹn mọ ohun tó bá wá.

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kóòtù ẹ̀ ń dán, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń fi ẹ̀rín sọ. Ó pín fìlà, ó pín báìrò. Ó ní iṣẹ́ yìí ò léwu rárá, pé àìmọ̀kan ló ń ba àwọn ará ìta lẹ́rù. Ó tún ní àwọn àgbà tó wà nídìí ẹ̀ ń fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọmọdé tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Èyí tó sọ gbẹ̀yìn yẹn, mo gbà á gbọ́, torí mo rí àwọn àga tó ṣófo. Èyí tó sọ ṣíwájú, mi ò gbà á. Láti kékeré ni mo ti ń jókòó ti iná. Mo wo ọwọ́ ọkùnrin náà, ó mọ́ roro. Mo ní nínú ara mi pé eléyìí ò ṣe iṣẹ́ náà rí, ó kàn ń kéde ẹ̀ ni.

Obìnrin tó tẹ̀lé e ni mo fara balẹ̀ wò. Híjáàbù aláwọ̀ eérú, bàtà pẹlẹbẹ, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nǹkan kékeré kan láyà bíi báàjì, tó ń fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo na ọwọ́ sókè. O tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀, o ò fẹ́ kí n dójú tì ẹ́. Mo dìde síbẹ̀.

Mo ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ yín yìí, ṣé ó ń pa èèyàn?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ò bá wọn rín.

Ó ní, "Ó lè pa èèyàn, Màmá, tí a bá bá a ṣeré."

"Kí ló wà láyà ẹ yẹn?"

"Òun ló ń bá mi ka iye tó ti kàn mí lára. A kì í fojú rí iná yìí, Màmá, a kì í gbọ́ òórùn ẹ̀. Nǹkan yìí ló ń bá wa rí i. Wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ti fẹ́ pọ̀, wọ́n á ní kí n kúrò níbẹ̀, kí n lọ jókòó sí ọ́fíìsì."

"Tóo bá wá ṣe àṣìṣe ńkọ́? Tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ ẹ?"

Ó ní, "Mo máa pariwo ni. Nídìí iṣẹ́ wa, ẹni tó bá pariwo àṣìṣe ara ẹ̀, a kì í bá a jà. Ẹni tó bá bo ti ẹ̀ mọ́lẹ̀ là ń lé lọ."

Ráàmátù, mo jókòó bí ẹni tí wọ́n tì lulẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun sí mi. Ọ̀rọ̀ ẹbu ìyá ọkọ mi ni, ó kù díẹ̀ kí n bi í léèrè bóyá ọmọ àdúgbò wa ní Òkèlele ni.

Jẹ́ kí n sọ ìyẹn fún ẹ, torí o ò bá ẹbu náà níbẹ̀, ibi tí a ti ń mọ ìkòkò, tí a sì ti ń sun ún. Ìyá ọkọ mi ló ni ín. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ, mi ò tíì mọ amọ̀ lù. Àwọn ìyàwó ilé á gbé èyí tí mo mọ sórí, wọ́n á ní, "Ìyàwó, ṣé ìkòkò lèyí àbí fìlà?" Wọ́n á máa jó kiri. Ó ń dùn mí gan-an. Mo wá fara balẹ̀ títí mo fi mọ ìkòkò ńlá kan tó dúró dáadáa, ikùn ẹ̀ yọ, ẹnu ẹ̀ sì ṣe régí. Kò sẹ́ni tó pè é ní fìlà.

A kó gbogbo wọn jọ, a to igi àti koríko gbígbẹ lé wọn lórí, a ṣáná sí i. Tí iná bá ti ṣe tirẹ̀ tán, ọ̀pá gígùn la fi ń yọ ọ́ pẹ̀lú gbígbóná ẹ̀, a máa wá da omi èèpo igi irú tí a ti sè sí i lára, á hó ṣàà, á sì di dúdú tó ń dán. Nígbà tí mo yọ tèmi, mo rí i: ó ti là nídìí, ìlà tín-ín-rín bí irun orí. Ẹlòmíì ò rí i. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo bu omi èèpo irú yẹn, mo dà á sójú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó mu ún wọlé, ojú ẹ̀ pa pọ̀. Ó wá dán ju àwọn yòókù lọ.

Obìnrin kan wá láti abúlé, ó rà á. Ìkòkò tèmi ló kọ́kọ́ ń wò. Mi ò sọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ tó fi padà dé. Ó fi aṣọ wé ẹsẹ̀, ó gbé àwo kan sórí, àfọ́kù ìkòkò ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀kọ ló ń rò, ìdí ìkòkò yọ, ẹ̀kọ gbígbóná sì dà sí i lẹ́sẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn da àfọ́kù náà sílẹ̀ níwájú ìyá ọkọ mi, ó jókòó.

Ìyá ọkọ mi mú àfọ́kù kan, ó yí i wò. Ó ní, "Tí ìkòkò bá fọ́ lórí iná ìdáná, inú ibi tó ti fọ́ máa ń pupa ni. Èyí dúdú. Omi irú ti wọ ibẹ̀ kó tó kúrò nílé yìí. Ẹnìkan rí i." Ó wá gbójú sókè. "Ta ló mọ ọ́n?"

Mo dákẹ́. Ó bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Mo dákẹ́. Ó wá ń mú ọwọ́ wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò wa wé ibi tí a fi ìka tẹ̀ lára ìkòkò. Nígbà tó kàn mí, kò tíì gbé e lé e tí mo fi bú sẹ́kún.

Kò nà mí. Ó ní, "Pé ó là, kò burú, tèmi náà ń là. Ìwọ ló burú." Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, tí a bá sun ìkòkò, èmi ni kí n kọ́kọ́ máa fi ìka lu ìkòkò tèmi kí gbogbo ilé gbọ́ ohùn ẹ̀, tó bá sì ti là, kí n kígbe, "Ó ti là o!" Ó wá kìlọ̀ fún àwọn yòókù pé ẹni tó bá fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá kígbe, òun náà máa kúrò ní ẹbu. Kò pẹ́ tí gbogbo wa fi ń kígbe. Ó di àṣà wa. Mo kígbe "ó ti là" ju ẹnikẹ́ni lọ ní ọdún yẹn, ìkòkò tí mo wá ń mọ lẹ́yìn ẹ̀ sì dára ju tiwọn lọ.

Torí náà, ìmọ̀ràn kìíní tí mo ní fún ẹ nìyí: ibikíbi tí wọ́n bá mú ẹ lọ, kóo tó wo bí ilé wọn ṣe ga, wo ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá kígbe. Tí ọmọ iṣẹ́ kan bá ní, "Ẹ wò ó, mo ti ṣe é bàjẹ́," tí ọ̀gá sì ní, "O ṣeun, ẹ jẹ́ ká wò ó," jókòó níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní kó dákẹ́ kí àlejò má gbọ́, di ẹrù ẹ. Má dúró gba ìdágbére.

Mo ti sọ èyí fún ẹ bíi pé èmi gan-an gbọ́n. Bíntù, máa kọ. Mo ní kóo máa kọ.

Obìnrin yẹn ò tíì sọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ yẹn, o rántí? Ó ní iná yìí kan náà ni wọ́n fi ń jó jẹjẹrẹ inú ọmú. Ó ní tí aláìsàn bá tètè wá, tí kókó náà ṣì kéré, àwọn máa ń rí i jó dànù. Ó ní èyí tó bá ti jókòó fún oṣù púpọ̀ ló ń ṣòro, torí á ti rìn lọ síbòmíì nínú ara. Ìwọ ń kọ ọ́ sílẹ̀, báìrò ẹ ń sáré. Èmi ò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Nígbà tí a délé tí mi ò jẹun, o rò pé ráìsì ló kún mi níkùn.

Ìyá ẹ, Sáratù, wọ yàrá mi lọ́jọ́ kan, ọwọ́ ọ̀sán ni. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kàn mí níbí." Mo fọwọ́ kàn án. Ó le, kò ju ẹ̀kùrọ́ lọ. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ló dì. Mo ní kó máa fi òrí pa á. Ó ní, "Ṣé kí n sọ fún bàbá Ráàmátù kó mú mi lọ sọ́sípítù?" Mo ní, "Ṣé orí ẹ pé? Kí wọ́n máa sọ kiri pé ìyàwó ilé wa ní àrùn ọmú? Ta ló máa wá fẹ́ Ráàmátù lọ́la?"

Orúkọ ẹ ni mo fi pa á lẹ́nu mọ́, Ráàmátù. O ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù nígbà yẹn.

Oṣù mẹ́rin la fi òrí pa á. Mo bẹ bàbá ẹ kó kọ hàntú fún un, mo ní ara ló ń ro ó. Ó fi yíǹkì tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sórí wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́ sínú igbá, ìyá ẹ sì ń mu ún láràárọ̀. Bàbá ẹ rò pé ibà ni òun ń tọ́jú. Nígbà tí ojú ọmú yí padà tí kò ṣeé bò mọ́, a lọ sọ́sípítù. Dókítà bi í léèrè ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Bàbá ẹ dúró tì í. Ìyá ẹ wò mí, ó wá ní, "Oṣù tó kọjá ni mo rí i."

Ó bò mí láṣìírí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí Ọlọ́hun fi gbà á.

Ìyókù lo mọ̀. Ìlú òkèèrè tí a gbé e lọ, bí ẹ̀rọ iná tó ń jó jẹjẹrẹ náà ṣe dúró gbagidi tí wọ́n ní ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ò sí nílé, bí a ṣe ń jókòó sábẹ́ igi lójoojúmọ́ pẹ̀lú àwọn aláìsàn yòókù, tí a ń retí ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n fi iná náà sí i, àyà ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Bàbá ẹ ló ń fi omi tútù nù ún. Ohun tó rí nìyẹn. Ó ń bínú sí iná. Ìwọ ń bínú pé kò sí ẹni tó mọ ẹ̀rọ, ìdí nìyẹn tóo fi fẹ́ lọ kọ́ ọ. Èmi jókòó sí àárín ẹ̀yin méjèèjì, mo ń jẹ oúnjẹ yín, mi ò sọ pé oṣù mẹ́rin ti lọ kí a tó dé abẹ́ igi yẹn.

Bíntù ń sunkún. Ó ní Ọlọ́hun ló kọ ọjọ́ ikú. Mo mọ̀. Mi ò bá Ọlọ́hun du iṣẹ́ ẹ̀. Ẹnu tí mo pa mọ́ ni mò ń sọ.

Nígbà tí mo gbọ́ obìnrin yẹn ní Málété, mo ní nínú ara mi pé iṣẹ́ yìí ló máa kọ́ ọmọ yìí ní ohun tí mo ṣe. Ọjọ́ kan, á jókòó nínú kíláàsì, wọ́n á ní kókó tó tó báyìí, oṣù báyìí ló ti lò. Á ṣírò ẹ̀. Á wá wo ojú mi. Ìyẹn ni mo ṣe mú ìwé ẹ. Kì í ṣe torí ẹ̀mí ẹ ni mo ṣe mú un, torí ara mi ni. Mo tún ti da omi irú sójú ibi tó là.

Kí n tó dìde, gbọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí, bí o bá tilẹ̀ ń bínú sí mi. Ó ṣeé ṣe kóo bínú, kóo sì gbọ́ ọ̀rọ̀.

Má lọ torí ìyá ẹ nìkan. Ìbínú lè gbé ẹ débẹ̀, àmọ́ kò ní jẹ́ kóo jókòó kàwé nígbà tó bá le. Lọ torí pé o fẹ́ràn ẹ̀. Láti kékeré lo ti máa ń tú rédíò mi wò, o sì máa ń tò ó padà. Ìyẹn ni kóo gbé dání.

Nǹkan tí wọ́n bá fi há ẹ láyà, má yọ ọ́. Kódà tó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ wọlé mú ṣíbí tóo gbàgbé. Iná ò mọ̀ pé o ò ní pẹ́.

Tí ara bá ro ẹ́, tóo rí kókó, tóo rí ẹ̀jẹ̀, lọ sọ. Sọ fún dókítà kóo tó sọ fún èmi tàbí ìyá ọkọ èyíkéyìí. Àwọn kan á ní ta ló máa fẹ́ obìnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Èmi náà ti bèèrè irú ẹ̀ rí, o ti gbọ́ ohun tó dà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, á bi ẹ́ ní ohun tí báàjì yẹn ń ṣe, ìwọ á sì ṣàlàyé ẹ̀ fún un.

Ìgbà kan ń bọ̀, ìn-ṣá-Àlláhù, tí wọ́n á rán ìwọ náà lọ pe àwọn ọmọ ilé ìwé wá sídìí iṣẹ́ náà. Má kó fìlà dání. Sọ ibi tó ti ń jóni fún wọn. Àwọn tó bá dúró lẹ́yìn ìyẹn ni tìẹ. Tí ìyá arúgbó kan bá na ọwọ́, jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Wọ́n ti ń pe ìrun. Bàbá ẹ wà ní àgbàlá. Mo fẹ́ lọ kígbe.

*

Mo ti sọ fún un. Bíntù ní kí n sinmi, mo ní kó kọ ọ́.

Ó jókòó sórí ẹní, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ ti ìwé. Ojú ẹ̀ tan, bíi pé wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ẹ̀. Mo wá sọ ti ìyá ẹ. Tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ ẹ̀. Mo sọ ọ́ tán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

Ó ní, "Oṣù mélòó?"

Mo ní, "Mẹ́rin."

Ó ní, "Mo sì ń kọ hàntú."

Ó dìde, ó wọ bàtà ẹ̀, ó jáde. Bàtà náà ò bá ẹsẹ̀ mu, ó fi tòsì sí ọ̀tún. Mi ò pè é padà.

*

Òní Àlàmísì, àárọ̀. Bíntù ti wá kí n tó mu ẹ̀kọ. A ti yọ ìwé ẹ nínú àmù, kò ní àbàwọ́n kankan. Bíntù kà á fún mi. Ó ní àyè kan ṣófo nísàlẹ̀, ibi tí òbí tàbí alágbàtọ́ máa fọwọ́ sí. Mo ní èmi alágbàtọ́ máa tẹ àtàǹpàkò síbẹ̀, mo sì máa fi ìyẹn san díẹ̀ nínú ohun tí mo ṣe. Bíntù mú páàdì yíǹkì wá láti ilé ìwé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Fate. Mo ti ti ìka bọ̀ ọ́, mo ti gbé e sókè, nígbà tí bàbá ẹ wọlé.

Kò kí mi. Ó wo ìwé náà, ó wo ìka mi. Ó na ọwọ́, ó fa ìwé náà kúrò lábẹ́ ọwọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó ní, "Ibi ọwọ́ bàbá nìyẹn."

Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó tún un kà. Ó ká a, ó tì í bọ àpò. Ó ní, "Lẹ́tà ńkọ́?"

Mo ní kò tíì tán.

Ó ní, "Ẹ parí ẹ̀. Mọ́tò Málété ò ní dúró dè mí."

Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà báyìí bí Bíntù ṣe ń kọ ọ́, ó kẹ̀yìn sí wa. Kò tíì wo ojú mi láti àná. Kò sọ pé òun máa fọwọ́ sí i, kò sì sọ pé òun ò ní fọwọ́ sí i. Mi ò lè bi í. Mi ò ní ẹnu ẹ̀ mọ́.

Torí náà, tóo bá jáde sí i ní géètì yín, kúnlẹ̀ kó tó sọ ohunkóhun. Ìbúra ẹ̀ ni kóo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì fún, má tíì bèèrè ìwé. Bu omi tútù fún un, oòrùn ti mú. Ohun tó bá fẹ́ sọ nípa ìyá ẹ, jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ẹ̀yin méjèèjì ló ṣe ọ̀fọ̀ ẹ̀, ẹ ò tíì jọ sọ̀rọ̀ ẹ̀ rí. Èmi lẹ jọ máa bínú sí báyìí, mo fara mọ́ ọn.

Yíǹkì ti wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti tẹ̀ ẹ́ síbí, lábẹ́ lẹ́tà yìí, kóo mọ̀ pé èmi ni mo sọ gbogbo ẹ̀. Kì í ṣe Bíntù.

Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí ọ̀nà tóo bá gbà.

Ó ti yíjú báyìí láti gba lẹ́tà. Mo wo àpò jálábíyà ẹ̀ dáadáa, o mọ ojú mi. Ìwé ẹ wà níbẹ̀. Báìrò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ìyá Àgbà ẹ